Mítà Kan Péré Lẹ́bàá Ọ̀nà

Ẹni tó bá ṣẹ Cuthbert Elstob, kó má tan ara rẹ̀ jẹ pé bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, ọ̀rọ̀ á tán. Ọ̀rọ̀ kì í tán nínú Cuthbert. Onígbàjámọ̀ kan wà ní Haggerlaw, abúlé rẹ̀, láyé ọjọ́un tó ṣèèṣì fi abẹ kàn án létí nígbà tó kù díẹ̀ kó gbéyàwó. Láti ọjọ́ náà títí onígbàjámọ̀ yẹn fi kú, Cuthbert ò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá mọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń gbà yí po, òjò ìbáà máa rọ̀, yìnyín ìbáà máa bọ́. Nígbà tí wọ́n ń sin ọkùnrin náà, bàtà dúdú ni gbogbo abúlé wọ̀. Cuthbert nìkan ló wọ bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ lọ síbẹ̀, iwájú ló sì dúró sí kí gbogbo ayé lè rí i. Hilda ìyàwó rẹ̀ ń sunkún ìtìjú. Ó ní kí Hilda dákẹ́, ó ní etí ṣì ń dun òun.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò jalè rí, kì í parọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ yá àkàbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti lo ayé rẹ̀, tó ń wa èédú láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù ú títí ìjọba fi ti ibi ìwakùsà náà pa. Inú ń bí i sí ìjọba náà títí di òní, àmọ́ kò tíì rí ibi tí ènìyàn kan ṣoṣo ti lè gbẹ̀san lára ìjọba.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ èédú tán, líìkì ló kù fún àwọn ọkùnrin Haggerlaw. Ẹbí àlùbọ́sà ni, ó funfun nísàlẹ̀, ó ní ewé gbọọrọ lókè. Líìkì tí àwọn ará ibòmíràn ń rà lọ́jà kò ju ìka lọ. Ti Haggerlaw a máa tó itan ọmọ ọwọ́, wọn kì í sì í fẹnu kàn án títí ọjọ́ ìpàtẹ á fi pé nínú oṣù kẹsàn-án. Kálukú ló mọ ohun tó ń bọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan á da bíà sí i nídìí, ẹnì kan á da eérú ààrò sí i, ẹlòmíì á rẹ ìgbẹ́ àgùntàn sínú àgbá, gbogbo àdúgbò á sì máa di imú. Òfin méjì ló wà láàárín wọn, wọ́n sì ń pa wọ́n mọ́ ju òfin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìkíní ni pé bí wọ́n bá bi ọ́ pé líìkì rẹ ńkọ́, wàá ní kò dáa, wàá ní ewúrẹ́ gan-an ò lè jẹ ẹ́. Ìkejì ni pé ọkùnrin kì í yọjú sí ebè ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàtẹ tó pé. Ẹni tó bá na ọrùn wo ebè ẹlòmíì, olè ni, tàbí kó jẹ́ ohun tó burú ju olè lọ.

Ohun tó burú ju olè lọ ni ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gé líìkì onílíìkì. Jacob Elstob, bàbá Cuthbert, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ife ẹ̀yẹ fàdákà kan wà ní kíláàbù àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tó bá sì gbà á lọ́dún mẹ́ta léra wọn, ó di tirẹ̀ títí ayé. Jacob gbà á lẹ́ẹ̀kíní, ó gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ kẹta, ó jí, ó bá líìkì rẹ̀ lórí ebè ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọn ò mọ ẹni tó ṣe é títí di òní. Jacob ṣa wọ́n sínú garawa, kò sì fẹsẹ̀ tẹ kíláàbù mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Irúgbìn líìkì náà nìkan ló tọ́jú, ó sì fi lé Cuthbert lọ́wọ́.

Cuthbert náà ò jẹ́ kí irúgbìn náà jáde nílé. Àbúrò Hilda bẹ̀ ẹ́ títí, kò fún un ní ẹyọ kan. Ọdún méjì tó kọjá ló fi irúgbìn bàbá rẹ̀ gba ife náà léra wọn, ẹ̀ẹ̀kẹta ló sì kù yìí. Ife yẹn ló ń fẹ́. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ sábẹ́ àwòrán bàbá rẹ̀ nínú pálọ̀, kí ojú ọ̀dájú tó gé líìkì ọjọ́sí, bó bá ṣì wà láyé, lè là gbòò.

Ìdí nìyí tó fi ra pákó nígbà tí òtútù ọdún náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ilé Cuthbert ló gbẹ̀yìn lórí ìlà, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé sì gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà rẹ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè na ọwọ́ kan ewé líìkì. Ó bi ọkùnrin tó ta pákó fún un pé báwo ni ènìyàn ṣe lè kan fẹ́ǹsì ga tó láìtọrọ àṣẹ. Onípákó ní mítà méjì. Cuthbert kan án ní mítà méjì géérégé, kò fi ìka kan lé e. Nígbà tó parí, ó jáde sí ọ̀nà, ó wò ó, pákó nìkan ló rí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Tot Hepple ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa fẹ́ǹsì náà. Òdìkejì ọ̀nà ni Tot ń gbé. Òun àti Cuthbert, tó máa ń pè ní Cuddy, jọ wa èédú pọ̀ ni, wọ́n jọ ń mu bíà, wọ́n sì ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde láti ìgbà èwe wọn. Kí Cuthbert tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ife, Tot ló ń gbà á.

"Cuddy, fẹ́ǹsì yìí mà ga o."

"Kó lè ga ni mo ṣe kàn án."

"Ó ga gan-an ni. Ta lò ń sá fún?"

"Ìwọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn Cuthbert, tó gbé páálí ìkọ̀wé àti téèpù ìwọ̀n dání. Ó ní Tindale ni orúkọ òun, káńsù ló rán òun.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Elstob. Fẹ́ǹsì yín ni mo bá wá."

"Mítà méjì géérégé ni. Wọ̀n ọ́n wò, ọmọ mi. Bó bá lé, gé orí mi."

Ọmọbìnrin náà wọ̀n ọ́n. Mítà méjì géérégé ni lóòótọ́.

"Ṣé o rí i?" ni Cuthbert wí, ó gbé àyà síwájú.

"Mo rí i, sà. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé kejì ni, kò burú. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tó bá kan ọ̀nà ọkọ̀, mítà kan péré ni òfin gbà, àyàfi tí ẹ bá ti gbàṣẹ."

"Ọ̀nà ọkọ̀ wo? Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lèyí. Ajá ló ń gbabẹ̀."

"Ọkọ̀ akólẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Òun ń gbabẹ̀ ní Wẹ́sìdeè."

"Ọkọ̀ tó ń já èédú ńkọ́?"

Cuthbert wo àmì táyà tó wà lójú ọ̀nà.

"Ọ̀nà ọkọ̀ nìyẹn, sà."

"Ta ló fi mí sùn?"

"Mi ò lè sọ ìyẹn."

"Ṣé Tot lorúkọ ẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fiṣẹ́ gé mi lọ́wọ́."

Cuthbert kọ̀wé pé kí wọ́n fún òun ní àṣẹ. Káńsù ní ó tì o. Wọ́n ní ìkòríta ni, fẹ́ǹsì gíga kò ní jẹ́ kí awakọ̀ rí ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀. Cuthbert mú ayùn, ó gé fẹ́ǹsì náà kù sí ìbàdí. Ó ń gé e, ó ń payín keke. Lọ́jọ́ kejì ni atẹ́gùn àríwá tí pákó yẹn ti ń dí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ tààrà sórí ebè, gbogbo ewé líìkì sì dojú kọ ibì kan náà.

"Tot ni," ni Cuthbert wí nídìí oúnjẹ. "Òun ló ní ó ga. Hilda, Ọlọ́run ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí. Ohun tó bá ga nílé Tot, màá bá a gé e kúrú."

"Jẹ oúnjẹ rẹ," ni Hilda dá a lóhùn. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ohun tó ga nílé Tot kò ṣòro láti rí. Ògiri ni, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan náà ló kọjú sí, ó sì ga ju ọkùnrin tó dé fìlà lọ. Cuthbert jáde lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú téèpù lápò, ó ń pe ológbò Hilda lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Hilda ò ní ológbò. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ó lé ní mítà méjì! Lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀!"

"Ògiri wo?" Hilda gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀. "Cuddy, ògiri Jossie nìyẹn."

Jossie Raine ni àbúrò Mavis, ìyàwó Tot. Bíríkìlà ni, òun nìkan sì ni ẹbí tó kù fún Mavis láyé. Nígbà tí wọ́n wó ilé ìwẹ̀ àwọn awakùsà, Jossie lọ ṣa bíríkì pupa ibẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi mọ ògiri fún ẹ̀gbọ́n òun. Àìsàn àyà ti mú un lásìkò náà. Ó ń jókòó lórí garawa mọ ọ́n, ó ń wúkọ́, ó ń tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Mavis ń gbé tíì fún un. Ó parí ògiri náà, kò rí Kérésìmesì ọdún yẹn. Láti ìgbà náà, bí Mavis bá ti ń sá aṣọ, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà kó tó padà wọlé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

"Mavis ò ṣẹ̀ ọ́," ni Hilda wí.

"Tot ló ṣẹ̀ mí."

"Mavis ló máa sunkún."

"Kó lọ bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé."

"Cuddy, mo bẹ̀ ọ́. Bá Tot jà, gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní kíláàbù, màá di aṣọ rẹ mú fún ọ. Fi ògiri òkú sílẹ̀."

Ẹni tí inú ń bí, etí rẹ̀ kì í gbọ́ràn. Cuthbert wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì káńsù nínú ìlú. Miss Tindale bi í bóyá ògiri náà ti pé ọdún mẹ́rin, nítorí pé bó bá ti pé ọdún mẹ́rin, ọwọ́ káńsù ò tó o mọ́.

"Kò tíì pé. Mo mọ ìgbà tí wọ́n parí ẹ̀, ọmọ mi. Mo wà níbi tí wọ́n ti sin ẹni tó mọ ọ́n."

Àṣẹ dé ilé Tot. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wá wó ògiri náà kù sí mítà kan, Cuthbert gbé àga síwájú fèrèsé òkè, ó bu tíì, ó jókòó bí ẹni tó sanwó wọlé. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń lu bíríkì ló ń dún sí i létí bí orin. Mavis jáde. Ó na iwájú aṣọ ìdáná rẹ̀, ó ń ṣa bíríkì tó já bọ́ sínú rẹ̀, ó ń kó wọn wọlé, omijé ń dà á lójú. Tot dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dorí kodò.

Ọ̀rọ̀ Mavis ta Cuthbert lára díẹ̀. Ṣùgbọ́n orí Tot tó tẹ̀ yẹn dùn mọ́ ọn ju oyin lọ, ó sì mu tíì kejì lé e. Hilda se kéèkì lọ fún Mavis. Nígbà tó dé, ó gbé oúnjẹ alẹ́ fún ọkọ rẹ̀ ní tútù.

Láti ìgbà náà, ògiri Tot ò ju ìbàdí lọ. Ọmọdé tó ń kọjá lè rí gbogbo ọgbà rẹ̀. Cuthbert nìkan ni kò rí i. Bó bá ti dé ibẹ̀, á yí ojú sí òdìkejì, á máa wo ọgbà ara rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé Elstob ń yọjú sí ebè elébè. Àwọn tó rí ebè Tot náà ò sì sọ, torí òfin kejì.

Hilda gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. "Cuddy, ǹjẹ́ o ti wo ẹ̀yìn ògiri Tot láìpẹ́ yìí?"

"Èmi kì í wo ebè ọkùnrin."

"Èmi kì í ṣe ọkùnrin. Mo sì ti wò ó."

"Má sọ fún mi! Mi ò fẹ́ gbọ́."

Ní tirẹ̀, Cuthbert ń bá atẹ́gùn àríwá jà. Ó na àpò sórí igi, ó gbé pátákó ró, káńsù ò jẹ́ kó ga ju mítà kan lọ. Ewé ń ya, líìkì ń dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa gbogbo wọn tu, ó fi méjì tó dára jù lọ sílẹ̀, kí oúnjẹ gbogbo ebè lè jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Méjì yẹn nìkan ló kù láyé nínú irúgbìn Jacob. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún wọn bí ojú Tot ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n wó ògiri.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn ní kíláàbù, kálukú gbé líìkì rẹ̀ méjì méjì sínú àwo. Líìkì náà ní òfin gíga tirẹ̀: apá funfun tó bá gùn kọjá bí òfin ṣe wí, adájọ́ á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbáà sanra bí ẹlẹ́dẹ̀. Cuthbert gbé méjì tirẹ̀ kalẹ̀, ó nu eruku ara wọn, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, kò rí èyí tó tó wọn. Inú rẹ̀ ti ń dùn kí Tot tó wọlé.

Aṣọ ìnura ni Tot fi wé tirẹ̀. Nígbà tó ṣí i, gbogbo èrò rọ́ yí tábìlì ká. Àwọn tó ti ń gbin líìkì láti ìgbà ogun ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n funfun, wọ́n ki, wọ́n ń dán gbinrin. Cuthbert wò wọ́n, ó tún wo tirẹ̀. Adájọ́ tó wá láti abúlé mìíràn wọ̀n wọ́n, ó tún wọn wọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó fi káàdì pupa, ti ipò kìíní, síwájú Tot. Ó fi káàdì búlúù, ti ipò kejì, síwájú Cuthbert. Wọ́n gbé ife fàdákà náà fún Tot, Cuthbert sì ní láti pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń pa ẹ̀fọn.

Ó lọ jókòó síbi kọ́rọ̀. Kò pẹ́ tí Tot fi gbé ife bíà méjì wá, ó gbé ọ̀kan síwájú rẹ̀.

"Cuddy, mo wá dúpẹ́."

"Ọpẹ́ kí ni?"

"Ti ògiri." Tot rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń wá ni Jossie mọ ọ́n sí, ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni ebè mi wà. Láti ọjọ́ tó ti parí ẹ̀, òjìji ni líìkì mi ń jẹ. Ìwọ rò pé ìwọ lò ń nà mí láti ọdún méjì? Ògiri Jossie ló ń nà mí."

Cuthbert gbé bíà sílẹ̀. "O ò ṣe wó o fúnra rẹ?"

"Kí Mavis wó èmi náà? Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní bí mo bá yọ bíríkì kan níbẹ̀, kí n bá bíríkì náà jáde. Mo wá rò ó pé bó bá lọ pé ọdún mẹ́rin, káńsù gan-an ò ní lè ràn mí lọ́wọ́ mọ́. Mo ní kí n wá ẹni tó máa bá mi wó o, tí kò ní jẹ́ pé èmi ni."

"Ìwọ lo fi fẹ́ǹsì mi sùn."

"Èmi náà ni." Tot ò tiẹ̀ fi bò. "Mo mọ̀ pé bí mo bá fọwọ́ kan nǹkan rẹ, o ò ní sùn àfi tí o bá wó nǹkan tèmi, nǹkan kan ṣoṣo ló sì ga ju òfin lọ nílé mi. Ní gbogbo Haggerlaw, Cuddy, kò sẹ́ni tí ìbínú ẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé bíi tìẹ. Atẹ́gùn tó tún ń fẹ́ lu líìkì rẹ, èènì nìyẹn."

Ó gbá a lẹ́jìká, ó lọ bá àwọn èrò rẹ̀. Cuthbert ti bíà náà sẹ́yìn. Ẹni tó máa mú ọ̀bọ a máa ṣe bí ọ̀bọ. Tot ti ṣe bí ọ̀bọ, ó ti mú un, ó sì ti so ó mọ́lẹ̀. Títí ó fi délé, títí ilẹ̀ fi mọ́, ohun kan ṣoṣo ló ń rò. Mavis ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìpàtẹ, àwọn obìnrin máa ń gba àwọn líìkì tí kò gba káàdì, wọ́n á fi se ọbẹ̀ fún gbogbo ilé pẹ̀lú egungun itan ẹlẹ́dẹ̀. Ti ẹni tó gba káàdì, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Orí tábìlì ló máa wà kí ará ìlú wá wò ó, bó bá di ìrọ̀lẹ́, onílíìkì á gbé e lọ sílé, á tún un gbìn kó lè fún un ní irúgbìn. Mavis ni olórí ìdáná. Cuthbert dé ibẹ̀ kí èrò tó dé, ó bá a níbi tó ti ń bó ọ̀dùnkún.

"Mavis, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ."

Ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Kò fi iyọ̀ sí i, kò yọ iyọ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn tó bẹ́ẹ̀. Mavis ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kó tó parí.

"Ẹnu Tot lo ti gbọ́ ọ?"

"Ẹnu ẹ̀ gan-an. Ó tún ń rẹ́rìn-ín."

"Ó dorí kodò lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Ó di èjìká mi mú." Mavis nu ọwọ́ sára aṣọ ìdáná. "Ta ló wá lọ sí káńsù?"

"Èmi ni, àmọ́ Tot ló..."

"Mo gbọ́," ni Mavis wí. "Lọ jókòó, Cuthbert. Ọbẹ̀ máa tó jinná."

Ó jókòó. Èrò kún, wọ́n bu ọbẹ̀, wọ́n gé búrẹ́dì. Tot gbé ife fàdákà síwájú ara rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Cuthbert jẹ abọ́ kan, ó jẹ abọ́ kejì. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ọbẹ̀ ò dùn mọ́ ọn lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá ìpàtẹ. Nígbà tí Tot dìde, tó ní òun fẹ́ lọ fi àwọn ọmọ òun han àwọn àlejò, Cuthbert gbé ṣíbí sílẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Igbe ni wọ́n gbọ́. Tot sáré jáde, ó di àwo òfìfo mú.

"Mavis! Líìkì mi dà?"

"Ó ti wà níkùn ẹ," ni Mavis dáhùn láti ìdí ìkòkò. Ohùn rẹ̀ ò ga. "O jẹ abọ́ mẹ́ta. Mo kà á. Ilé tí o bá fẹ́ lọ sùn lálẹ́ yìí, kì í ṣe tèmi."

Tot jókòó gbì. Cuthbert fi orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ó na abọ́ rẹ̀ sókè bí ọba tó ń bèèrè ẹmu.

"Mavis! Bù sí i fún mi, jàre!"

Mavis gbé ìkòkò wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó dùn?"

"Mi ò jẹ irú ẹ̀ rí láyé mi."

"Ó yẹ kó dùn. Àwo méjì ló ṣófo lórí tábìlì yẹn, Cuthbert. Ta ló sọ fún ọ pé ti Tot nìkan ni mo gé?"

Ẹ̀rín kú sí Cuthbert lẹ́nu. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàtẹ, ó rí káàdì búlúù rẹ̀ níwájú àwo tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Hilda, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi ọwọ́ bo ojú. Mavis bu ọbẹ̀ sínú abọ́ náà títí ó fi kún, ó fi ṣíbí lé e lọ́wọ́.

"Ti bàbá rẹ ni," ló wí. "Jẹ ẹ́ tán."